Màmá Gbẹ́sẹ̀sókè: Dókítà Tó Ń Bi Ọkàn Léèrè Kó Tó Fa Omi

Ní ọdún 1954 ni wọ́n bí Màmá, nínú ilé oníyàrá méjì kan tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ìran oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ti wá. Bíríkìlà ni bàbá wọn, ọmọ bíríkìlà. Aránṣọ ni ìyá wọn, obìnrin tó lè fi ẹnu di abẹ́rẹ́ mú, kó sì fi ẹnu kan náà bá ọmọ wí. Màmá ni àkọ́bí. Kí ọwọ́ wọn tó lè gba orí kan etí kejì ni wọ́n ti ń pọn àbúrò, ẹ̀yìn wọn kò sì gbófo títí wọ́n fi bàlágà.

Ọdún 1961 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé kì í pè wọ́n ní ọlọ́pọlọ pípé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bí ìṣirò kan bá ṣe agídí, Màmá náà á ṣe agídí tiwọn, ìṣirò ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Agídí yìí ló gbé wọn dé fásitì, tí wọ́n fi di dókítà ní 1980. Lọ́jọ́ ìjáde, bàbá wọn wá pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lábẹ́ èékánná. Wọ́n wo aṣọ funfun ọmọ wọn títí, wọ́n wá ní, "Iṣẹ́ tí aṣọ kì í dọ̀tí. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Màmá sọ pé kò pẹ́ rárá tí àwọn fi mọ ìdáhùn.

Ní 1983, Màmá ṣègbéyàwó pẹ̀lú Bàbá, olùkọ́ ìṣirò, tí wọ́n pàdé nígbà tí Bàbá gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó dákú wá sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ilé náà tòrò, àmọ́ ilé àárẹ̀ ni. Bí Màmá bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí àga ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń bọ́ bàtà, oorun á sì ti gbé wọn lọ kí wọ́n tó bọ́ èkejì. Bàbá ló máa ń bọ́ èyí tó kù.

Láti 1989 ni Màmá ti wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn ti dójú ẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn mí, tí okùn omi sì ń gba ọrùn àti apá wọlé. Láyé ìgbà náà, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ti já wálẹ̀, omi ni gbogbo èèyàn ń ké pè. Wọn á fa àpò kan, wọn á tún fa òmíràn. Omi gba ẹlòmíràn là. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé omi náà ló kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tó wú ojú rẹ̀ débi pé àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò dá a mọ̀ mọ́. Ìbéèrè yìí ni Màmá lo ìyókù iṣẹ́ wọn lé lórí: ta ni omi yóò ṣe lóore, ta ni yóò ṣe níbi, báwo la sì ṣe lè mọ̀ kí a tó fà á?

Ọ̀nà tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà iṣẹ́ wọn kò ṣòro. Wọn á yí bẹ́ẹ̀dì kí àyà aláìsàn lọ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì gòkè. Ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ á ṣàn padà sí ọkàn, bí ẹni pé wọ́n fa omi sí i lára, láìjẹ́ pé wọ́n fa ẹ̀kán kan. Màmá á gbé ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara lé e láyà, wọn á wo bóyá ọkàn ń ta ẹ̀jẹ̀ jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá ń ta á, omi lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá ta á, ó yá ká wá nǹkan mìíràn ṣe. Wọn á wá dá ẹsẹ̀ padà sílẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ wọ́n ní Màmá Gbẹ́sẹ̀sókè. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó pẹ́ nítòsí Màmá, kó yáa di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú. Màmá kì í bínú sí orúkọ náà. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di àfọ̀ṣẹ. Wọ́n máa ń ní, "Ọkàn sọ ti ìsinsìnyí ni. Kò sọ ti ọ̀la."

Ní 2004, wọ́n gbé ìyá Bàbá wá sí wọ́ọ̀dù náà. Kòkòrò àìsàn ti wọ ẹ̀jẹ̀ ìyá náà. Kò sí dókítà àgbà mìíràn lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ Màmá ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí. Wọ́n fa omi, ìfúnpá gòkè díẹ̀, ó tún já. Màmá gbé ẹsẹ̀ ìyá ọkọ wọn sókè. Ọkàn kò dáhùn. Wọ́n ṣe sùúrù, wọ́n tún gbé e. Ọkàn kò dáhùn. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì dá omi dúró, kó fi kún oògùn tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí ìfúnpá lè gòkè.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, Àǹtí Onídìrí, dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó wa, àpò omi yẹn ti tán. O ò ní gbé òmíràn kọ́ ni?"

"Omi ò lè ṣe wọ́n lóore mọ́, Àǹtí. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ."

"Ẹnu wọn ti gbẹ, ètè wọn ti sán. Ta ni wọ́n ń fi omi dù báyìí?"

"Mo rí i, Àǹtí. Mo rí i."

Màmá ri òwú bọ omi, wọ́n sì ń fi nu ètè ìyá náà títí tí ọwọ́ fi ro wọ́n.

Ìyá náà kú lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí àṣìṣe kankan, àmọ́ ọ̀fọ̀ kì í ka ìwé ìṣègùn. "Ó fi omi du ìyá wa." Ọ̀rọ̀ yìí há ẹbí náà lọ́fun bí egungun ẹja. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ń lọ sí gbogbo ìpàdé ẹbí. Wọn á kí, àwọn kan á jẹ́ ẹ bí ẹni tí eyín ń dùn, wọn á jókòó títí ìpàdé á fi tú. Bàbá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò ṣàlàyé ara wọn.

Màmá ní, "Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan bínú sí. Èmi ni mo sún mọ́ wọn jù."

Ní 2011, irú àìsàn kan náà mú ọkọ Àǹtí Onídìrí. Ilé ìwòsàn mìíràn wà nítòsí wọn, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n gbé e wá. Àǹtí kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ní, "Gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, kí n rí i." Màmá gbé e. Wọ́n yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ Àǹtí, kí Àǹtí fi ojú ara wọn rí bí ọkàn ṣe ń jí, tó ń ta ẹ̀jẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n fa omi, ara ọkùnrin náà sì yá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyá tó lọ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, Àǹtí ló ń di irun Màmá, bí oorun bá sì gbé Màmá lọ lábẹ́ ìyàrí, Àǹtí á ní kí gbogbo ilé dákẹ́.

Onígbàgbọ́ ni Màmá. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n yàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí oorun náà ni. Àlùfáà rí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ilé bàbá ẹni lèèyàn ti ń fọkàn balẹ̀ sùn. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2016, wọ́n ń káàkiri àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì láti ṣe ìdánwò ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gbé àpò omi kọ́. Wọn á dé pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, wọn á ní ó ti tó gẹ́ẹ́. Bó bá tún ṣe díẹ̀, wọ́n ti di báàgì.

Ní 2023, ọkàn Màmá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn àgbà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù. Màmá ní, "Ọmọ mi, mo ti mọ ibi tó ń lọ. Má fa nǹkan kan sí mi lára. Wá jókòó." Ọmọ náà jókòó. Bàbá di ọwọ́ wọn mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Màmá sùn, wọn kò sì jí mọ́.

Wọ́n fi Bàbá sílẹ̀ sáyé lọ. Ọmọ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì àti olùkọ́. Ọmọ-ọmọ méje, tí àbíkẹ́yìn wọn ṣì ń rá. Àwọn àbúrò tí wọ́n fi ẹ̀yìn pọ̀n dàgbà. Àǹtí Onídìrí àti ọkọ wọn. Àti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń rìn kiri láìmọ̀ pé Màmá ti fìgbà kan gbé ẹsẹ̀ wọn sókè rí.

Màmá, kò sẹ́ni tó máa tún ránṣẹ́ pè yín síbi iṣẹ́. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lẹ́yìn. Ẹ sùn re, ẹ sùn tẹ́rùn.