Obì Inú Ewé Kábéèjì

Màámi, ẹ kú ilé.

A ti sọ ọmọ lórúkọ. Ikhlas ni. Yìnyín ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú ní Kánádà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá arúgbó tó ń gbé lókè wa ló gbé e dání, èmi ni mo pe orúkọ sí i létí. Bàbá Ikhlas kí yín gan-an. Iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kó gbé fóònù yín.

Nígbà tí mo tú obì tí ẹ fi ránṣẹ́, òórùn ewé gbòdògì gba gbogbo yàrá. Mo dijú, mo rí yín níwájú ilé wa ní Ṣàgámù, ẹ ń ṣa obì, Ikhlas ń sùn lẹ́yìn yín. Mi ò fẹ́ lajú.

Mo pín obì náà, mo fi ti bàbá rẹ̀ pamọ́ de ìgbà tó bá dé. Gbòdògì ti gbẹ, kábéèjì ni mo wá fi ń wé e. Mo ti pààrọ̀ ewé náà lọ́pọ̀ ìgbà. Màámi, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú tiyín tó fi ń pé ọdún?

Ẹ bá mi kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣa obì. Ẹ sọ fún wọn pé àlàáfíà la wà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kareemat yín.