Apá Òsì Ẹyẹ Tí Kò Fò Rí

                                        Yàrá Ìto-egungun,
                                        Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé,
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún bàbá wa ti fúyẹ́ díẹ̀? Àbíkẹ́yìn yín ńkọ́, ṣé ó ti hu eyín? Ara tèmi le, ojú ló ń tì mí.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ọ̀gá mi tó pè yín, torí ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí i pé mo já fáfá, kó tó gbà mí fún oṣù mẹ́ta kó fi wò mí.

Ẹyẹ kan la ń tò níbí. Láti ayébáyé ló ti kú, egungun rẹ̀ nìkan ni wọ́n wú nílẹ̀, tó bá sì nàró, ó ga ju àjà yàrá yín lọ. Wọ́n ní kò fò rí láyé ẹ̀. Ọ̀gá to ẹ̀yìn, ọrùn àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kó tó rìnrìn àjò. Ó fi páálí egungun kan sílẹ̀, ó kọ "APÁ ÒSÌ" sí i lára, ó ní kí n parí ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyẹ ni mo ń tò. Nígbà tí mo rí apá, kí ni kí n rò? Mo kan gbogbo ẹ̀ mọ́ ibi tí èjìká yẹ kó wà. Ó wúwo débi pé okùn ni mo fi gbé e kọ́ òrùlé. Mo wá ẹsẹ̀ òsì títí, mo ní ilẹ̀ ti jẹ ẹ́, ni mo bá fi igi gbẹ́ òmíràn. Èékánná ńláńlá mẹ́ta ló wà lórí apá yẹn o. Mo tún nù wọ́n kí wọ́n máa dán.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó yí ẹyẹ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ta ló ń juwọ́ sí?" Mo ní bóyá ó fẹ́ fò ni. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. "Apá òsì ara ẹ̀ ni mo kọ. Ẹsẹ̀ ló wà nínú páálí yẹn. Ṣé o ò jẹ adìyẹ rí ni?" Ojú kápẹ́ńtà àti agbálẹ̀ ló ṣe. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Èmi ò ní ìyẹ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi tú u, tí mo tún un tò. Ó ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró báyìí. Ẹsẹ̀ onígi yẹn, ọ̀gá ń fi dá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì dúró.

Kò tíì sọ bóyá màá dúró síṣẹ́, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo lòun ní fún yín: nígbà tí ẹ kọ ọ́ pé mo já fáfá, apá ibo lára mi lẹ ń wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé apá ọ̀tún ni; ẹ̀yin náà ò tíì rí apá òsì.

Ẹ bá mi kí bàbá wa, àmọ́ ẹ má dárúkọ ẹsẹ̀ onígi.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi orúkọ yín dúró fún,
Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ (bí agbálẹ̀ ṣe ń pè mí nìyẹn báyìí).