Aago Ọkọ̀ Tí Mo Sọ Di Aláwọ̀ Ewé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ààwẹ̀. Ifangni ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn yóò mọ̀.

Tasí ni mò ń wà ní Igolo, ṣùgbọ́n màmá kan ló ni ọkọ̀. Iná pupa rúsúrúsú ló wà nínú aago iwájú rẹ̀. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn èrò tó ń gbààwẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan aago náà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó láti ṣínu. Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún fráǹkì lòun máa gbà. Mo ra gílóòbù kékeré aláwọ̀ ewé ní ọ̀ọ́dúnrún, mo tú aago náà, mo sì pààrọ̀ iná rẹ̀ fúnra mi. Báyìí, ẹni tó jókòó lẹ́yìn pàápàá ń kà á ketekete. Orí mi wú!

Ṣùgbọ́n inú màmá kò dùn. Wọ́n ní: "Olójú pupa ni ọkọ̀ tí mo rà. Ta ló ní kó o fún un lójú ológbò? Dá a padà kí Jímọ̀ tó dé, àbí kó o kó kọ́kọ́rọ́ mi wá."

Olóòtú wa, ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dá a padà? Iwájú ni màmá máa ń jókòó tí a bá ń ti ọjà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ètò yín lórí rédíò ọkọ̀ la sì máa ń gbọ́. Tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí tán, ẹ bá mi bi wọ́n pé aago mélòó ló lù. Wọn ò ní wá awò ojú wọn kí wọ́n tó dáhùn.