Kóòtù Ọ̀gá Rélùwéè

Àbúrò mi,

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Má tún kọ̀wé pé kí n fi ibùdó rélùwéè yìí sílẹ̀ wá sílé. Ara mi le. Ẹsẹ̀ kan péré ló ń dùn mí. Òjò kì í sì í dé ibi tí mo tẹ́ ẹní mi sí báyìí, ní yàrá tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Àràárọ̀ ni mo ń gbálẹ̀ ibi tí èrò máa ń dúró sí. Igi ti hù láàárín irin méjèèjì tí ọkọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀, ó ga jù mí lọ. Ibòji rẹ̀ dára, kò sẹ́ni tó ń bá mi dù ú.

Ṣebí ìwọ náà wọ ọkọ̀ ojú irin ìkẹyìn yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọkọ mi, ọ̀gá ibùdó yìí, pé ìkẹyìn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló lu aago, tó na àsíá aláwọ̀ ewé sókè pé kó máa lọ. Òtútù ń mú ọ, ló bá bọ́ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni màá fi rán an sí yín."

Ọdún mẹ́fà ló fi ń dé fìlà rẹ̀ láràárọ̀, tó ń retí ọkọ̀ yẹn. Aṣọ ìró mi la fi wé òkú rẹ̀ nígbà tí a sin ín.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Kí àwọn ọmọ.

Dá kóòtù ọkọ mi padà.