Àkàlàmàgbò Ara Ògiri Wa

Ilé Bàbá Ọlágòkè,
Ọ̀nà Ìgànná,
Òkèhò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kejì, Ọdún 2024.

Sodiqat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ismaheel ńkọ́? Ismaheel fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Màmá yín ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn dé mọ́ṣáláṣí? Ọyẹ́ tiwa kò tíì lọ o. Eruku ti sọ gbogbo ewé di pupa. Ara wa le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé yìí tí n kò lè sọ lórí fóònù, torí Bàbá mi lè gbọ́.

Ní oṣù Kọkànlá, ikán wọ yàrá ìwé ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Níbi tí a ti ń kó ìwé jáde ni mo ti rí ìwé ńlá kan tí òyìnbó kan ya àwọn ẹyẹ ilẹ̀ wa sí láyé àtijọ́. Ikán ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀, àmọ́ ojú ewé mẹ́fà ṣì mọ́. Ọ̀gá wa ní kí n máa mú wọn lọ. Mojeed kafíńtà bá mi fi igi àti gíláàsì sí wọn, mo sì gbé wọn kọ́ sí ògiri pálọ̀: àparò, agbe, lékèélékèé, òwìwí, ẹtù àti àkàlàmàgbò. Wọ́n rẹwà débi pé èèyàn lè máa ka ìyẹ́ ara wọn.

Nígbà tí Bàbá ti oko dé, wọ́n dúró níwájú àwọn àwòrán náà, wọ́n ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mojọlá, òkú ni gbogbo wọn.”

Mo ní àwòrán kúkú ni. Bàbá ní kí n wo ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ náà dáadáa, pé ẹyẹ tó wà láàyè kì í dúró báyẹn. Ó ní ńṣe ni wọ́n kọ́kọ́ pa àwọn ẹyẹ náà, wọ́n ki òwú sí wọn níkùn, kí wọ́n tó yà wọ́n. N kò rí i bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò rí i lọ́nà mìíràn mọ́.

Oúnjẹ kò wu Bàbá jẹ mọ́. Àga wọn ni wọ́n gbé kọjú sí àkàlàmàgbò. Lọ́jọ́ Sátidé kan, oòrùn mú gan-an, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, mo wá gbọ́ ohùn kan nínú pálọ̀, ó jinlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu kèǹgbè. Mo yọjú. Bàbá ló ń ké bí ẹyẹ. Wọ́n dákẹ́, wọ́n dẹ etí, wọ́n wá mi orí bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Bàbá ní nígbà tí àwọn kò tíì fẹ́ ìyá mi, òyìnbó kan pàgọ́ sí igbó ọ̀nà Ìgànná, lẹ́bàá òkè tó wà níbẹ̀, ó ń ya ẹyẹ. Bàbá ni ọdẹ rẹ̀ níbẹ̀. Abo àkàlàmàgbò kan ni Bàbá yìnbọn fún. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni akọ rẹ̀ fi ń rìn yí àgọ́ náà ká, tó ń ké. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dákẹ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún rí àkàlàmàgbò lẹ́bàá òkè yẹn. Mo ní ó lè má jẹ́ ẹyẹ kan náà.

“Ka ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ọta ìbọn mi ló gé ọ̀kan.”

Mo súnmọ́ ògiri, mo kà á. Ọ̀kan ti gé.

Ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí Bàbá mi ti ń gbé tiwọn kiri, ìyá mi pàápàá kò gbọ́ ọ títí wọ́n fi kú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo dé láti ilé-ìwé, ìṣó lásán ló kù lójú ibi tí mo gbé àkàlàmàgbò kọ́ sí. Bàbá kò sí nílé. Ọlọ́kadà kan ní òun gbé wọn dé ìsàlẹ̀ òkè náà, pé wọ́n gbé ohun kan tí wọ́n fi aṣọ wé lé itan. Mo ní kó gbé èmi náà lọ. Iná ti jó gbogbo koríko ibẹ̀ dúdú. Abẹ́ igi òrí kan ni mo bá Bàbá, wọ́n ti fi àdá gbẹ́ ihò, wọ́n gbé àwòrán náà ti ìdí igi. Wọ́n ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Wọ́n ké lẹ́ẹ̀mẹta. A dúró. Ewé kan kò mì. Ni nǹkan bá dáhùn láti ẹ̀yìn òkè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé inú ilẹ̀ ló ti wá.

Sodiqat, mo gbọ́ ọ. Èmi tí o mọ̀ yìí.

Bàbá sunkún bí ọmọdé, wọ́n gbé àwòrán náà sínú ihò, wọ́n wa erùpẹ̀ bò ó. Bóyá ọdẹ kan ló ń fi wá ṣeré, n kò mọ̀. N kò lọ wo ẹ̀yìn òkè náà, n kò sì ní lọ.

Bàbá ti ń jẹun báyìí, wọ́n tún ti ń ṣàwàdà. Mo fẹ́ kó àwòrán márùn-ún yòókù kúrò, Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn kọ́ ló pa ìwọ̀nyẹn, pé àwọn kò mọ ohun tí àwọn ẹyẹ yẹn ń fẹ́.

Bá mi kí Bàbá Ismaheel àti Màmá. Bàbá ní kí n kí ọ, wọ́n sì ti bá ọ tọ́jú èlùbọ́. Jọ̀wọ́, wá lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ wa tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi. Ṣùgbọ́n tí o bá jí láàárọ̀ tí o gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ níwájú ògiri pálọ̀, má bi mí pé ta ni mò ń kí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,
Mojọlá.