Ìgò Mépù fún Àwọn Tó Fún Wa Ní Ọpọlọ Ọ̀fẹ́

Lucien ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé Boston kò fi iṣẹ́ pa ọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ igi nínú yìnyín kò ní jẹ́ kí òtútù ìlú náà wọ̀ ọ́ lára. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orókún ṣì ń dun bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá. Màálù dúdú ti bí, abo ni. Omi igi mépù, tí a ń sè títí yóò fi ki bí oyin, ti ń sun láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta, o sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré la fi ń wá oúnjẹ ọdún.

Ọ̀rọ̀ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní ráùtà, ni mo fẹ́ fi tó ọ létí. Èyí àtijọ́ kú ní ọjọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ gan-an, bí kò bá sì sí i, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún wa pé rọ́bà kan tó ń gbé omi igi wá ti já nínú igbó, omi á kàn máa dà sílẹ̀ fún ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Pruitt tó ń ta ẹ̀rọ ní ìgboro gbé tiwọn wá, ráùtà oníṣòwò, dúdú, tó ń dán bíi bàtà ọjọ́ Àìkú. Irínwó dọ́là ó dín ogún, àti dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta. Bàbá rẹ ti mú kálàmù. Ó ní ohun tó ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ló ṣe é gbára lé, pé èyí tí ìwọ fi ránṣẹ́, àlòkù ọgbọ̀n dọ́là tí o yọ ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí rẹ̀, tí o fi ọpọlọ ọ̀fẹ́ sí i, ta la máa mú bó bá ya wèrè?

Èmi náà bẹ̀rù. Ẹni tí wọ́n yọ ọpọlọ rẹ̀, ṣé ó tún lè mọ ilé wa? Ṣùgbọ́n mo bi Ọ̀gbẹ́ni Pruitt bóyá tiwọn lè gbé ahéré tí a ti ń se omi, níbi tí omi ti ń dì nínú ife kí a tó dáná láàárọ̀. Ó wo ìwé, ó ní wọn kò ṣe é fún òtútù, bó bá kú síbẹ̀ ọrùn wa ló wà. Mo ní bó bá dákẹ́ ní Sátidé ńkọ́? Ó ní ẹnìkan á dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Mo ní kó bá mi sọ fún àwọn igi kí wọ́n dúró de Ọjọ́rú. Bàbá rẹ fi kálàmù sílẹ̀.

Nígbà náà ni mo ka ìwé gígùn tó bá àpótí tìrẹ wá, ti àwọn tó ṣe ọpọlọ ọ̀fẹ́ náà, tí o ní kí n má wulẹ̀ kà. Bí ìwé oúnjẹ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló rí, tí olúkúlùkù kọ bó ṣe ń se tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́, bí iyọ̀ bá pọ̀ jù a mọ ẹni tí a máa wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí Halvard ará Norway, tó tún ọpọlọ náà ṣe kí àpótí má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ bí iná bá lọ nínú òtútù, torí ilé àgùntàn rẹ̀ tutù. Mo ní ẹni tó ní àgùntàn nínú òtútù, ó mọ ohun tó ń ṣe. A gbé tìrẹ kọ́.

Lucien, ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò ṣàárẹ̀. Àánú rẹ̀ wá ń ṣe mí, mo hun fìlà òwú àgùntàn fún un, mo fi bò ó dé ìsàlẹ̀, eriali méjèèjì yọ jáde bí ìwo ewúrẹ́. Lọ́sàn-án Sátidé, bí iná ti ń jó lábẹ́ páànù, ó dákẹ́. Mo wakọ̀ lọ sí ilé-ìkàwé, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, mo kọ̀wé sí ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo kí wọn dáadáa, mo béèrè àwọn ọmọ wọn àti ẹran ọ̀sìn wọn, kí n tó sọ pé àpótí wa kò sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ mo sì fi fìlà bò ó dáadáa. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí Halvard fúnra rẹ̀ dáhùn. Ó ní àgùntàn wà dáadáa, wọ́n ti bí mẹ́rìnlá, àti pé kí n jọ̀ọ́ bọ́ fìlà náà, ooru ló ń pa á, òun náà ti fi aṣọ bo tirẹ̀ rí. Mo sáré délé, mo bọ́ ọ, mo gbé e sí afẹ́fẹ́, ó jí, ó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé rọ́bà ti já lẹ́yìn òkè. Tòun ti orókún rẹ̀, bàbá rẹ débẹ̀. Omi tó dànù kò ju korobá méjì lọ.

O mọ̀ pé nílé wa a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo. Àwọn wọ̀nyí gbé abọ́ wá, wọn ò gba kọ́bọ̀. Mo rọ mépù sínú ìgò kéékèèké mọ́kànlélógójì, iye orúkọ tó wà nínú ìwé náà, mo ń kọ orúkọ wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí ẹ̀kẹtàdínlọ́gbọ̀n, mo rí Lucien Thibodeau. Mo pe bàbá rẹ. Ó wọ awò, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jáde lọ la igi. Iṣẹ́ tí mo ní kò lówó lórí nìyẹn, tí mo bú ọ lé lórí nígbà Kérésì pé o ń fi ojú rẹ ṣòfò. Ọmọ mi, o ṣeun. Má bínú sí mi.

Jọ̀wọ́, fi ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ránṣẹ́ fún owó pósọ́fíìsì, torí kí ìgò kan tó dé Norway, ó ju owó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Èmi á fi èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Pruitt kò rí gbà kún un. Kí o sì wá àdírẹ́sì wọn fún mi.

Ọlọ́run á fi ẹni tí yóò dá ọ lóhùn láàárín ogún ìṣẹ́jú síbi gbogbo tí o bá ti ké. Fìlà náà wà nínú lẹ́tà yìí, ó ní ihò méjì lórí, ṣùgbọ́n o lè fi sùn.

Ogójì ìgò ni kí o ṣírò. Tìrẹ, mi ò ní san owó ìfiránṣẹ́ lé e. Wá gbé e fúnra rẹ kí yìnyín tó yọ́ tán.

Èmi ìyá rẹ,
Bernadette