Bẹ́ẹ̀dì Tí Alángbá Ò Rí Gbà

Àbúrò mi tòótọ́,

Ṣé ara le? Màmá kí ẹ, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọkọ mi náà kí ẹ.

Alángbá ńlá tí o ní kí n rà fún ọmọ rẹ láti máa sìn nínú ilé, ẹni tó ń tà á ní àpótí onígíláàsì rẹ̀ á fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì. Mo bá ní ká kúkú gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ jáde. Ọmọ rẹ lejú mọ́ mi: "Àǹtí, níbo ni Dádì máa wá sùn?" Ló bá ní ká ra ọmọńlé kékeré kan dípò rẹ̀, tí àpótí rẹ̀ ò gbà ju igun tábìlì lọ. Màmá ní, "Ṣé wọ́n ń fowó ra ọmọńlé ni?"

Jọ̀ọ́, fi owó àpótí ńlá yẹn wọkọ̀ wálé. Ọlọ́run á sìn ẹ́ dé láyọ̀. Ọmọ rẹ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè ẹ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.